Agbábọ́ọ̀lù Tí Kò Pààrọ̀ Aṣọ

Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà àtijọ́ láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ mọ Fìdítì dáadáa. Bí ọkọ̀ bá ti kọjá Mọ́níyà àti Akínyẹlé, tó fi Ìròkò sẹ́yìn, ọsàn ni yóò kọ́kọ́ kí èèyàn káàbọ̀: ọsàn nínú agbọ̀n, ọsàn nínú abọ́, ọsàn tí wọ́n tò jọ bí òkìtì kéékèèké sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ibẹ̀ ni ìyá mi ti ń ta ọsàn nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ibẹ̀ náà ni mo sì ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí. N kò tíì rí pápá ìṣeré kankan nígbà náà ju ti iléèwé wa lọ. Rédíò tíṣà kan tó máa ń wá jókòó sábẹ́ àtíbàbà ìyá mi lọ́sàn-án Sátidé ni mo fi mọ̀ pé ọkùnrin kan wà ní Ìbàdàn tó ń sáré lápá ọ̀tún pápá, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń torí ẹ̀ pa iṣẹ́ tì.

Ernest Okonkwo ló máa ń ròyìn eré náà, Òyìnbó ló sì ń sọ. Ìyá mi kò gbọ́ Òyìnbó, púpọ̀ nínú àwọn tó dúró yí àtẹ rẹ̀ ká náà kò gbọ́. Tíṣà ló ń túmọ̀ fún wa, gbólóhùn kan tẹ̀ lé èkejì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ohùn Okonkwo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ga, tó ń yára, a kì í dúró de ìtumọ̀ mọ́. Ọ̀bẹ ìyá mi á dúró lára ọsàn tó ń bó, èèpo rẹ̀ á so rọ̀ bí ọ̀já, kò ní já, kò sì ní gùn sí i, títí a ó fi mọ̀ bóyá bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n. Okonkwo fẹ́ràn àtimáa fún àwọn agbábọ́ọ̀lù lórúkọ. Òun ló pe Christian Chukwu ní “Chairman”. Òun náà ló sọ Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí di “Mathematical”. Mo bi tíṣà léèrè ohun tí ọ̀rọ̀ gígùn yẹn túmọ̀ sí. Ó ní, “Ẹni tó ń fi ìṣirò gbá bọ́ọ̀lù ni. Kó tó fi ẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù, ó ti mọ ibi tí yóò bọ́ sí.” Ìyá mi wò mí, wọ́n ní, “Ṣé o gbọ́? Ìṣirò náà ni tíṣà ní o kì í fẹ́ ṣe.”

Abẹ́òkúta ni wọ́n bí Patrick Olúṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí sí, ní ọjọ́ 27, oṣù kẹjọ, ọdún 1952, ṣùgbọ́n Jos, lókè Ọya, ló dàgbà sí. Ìlú bọ́ọ̀lù ni Jos. Ẹgbẹ́ Mighty Jets ni àwọn ọmọ ibẹ̀ fi ń yangàn, bí ọmọkùnrin kan bá sì mọ bọ́ọ̀lù gbá níbẹ̀, kò nílò láti wá ẹgbẹ́ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ìwé ló gbé Ṣẹ́gun wá sí Ìbàdàn. Politẹ́kíníìkì Ìbàdàn ló ti kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ìlú Ìbàdàn náà ló sì ti rí ẹgbẹ́ tí kò fi sílẹ̀ títí tó fi bọ́ bàtà bọ́ọ̀lù. Ọmọ Ẹ̀gbá tó dàgbà láàárín Hausa àti Bírọ́ọ̀mù wá di ọmọ Ìbàdàn nítorí bọ́ọ̀lù, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè ibi tó ti wá.

Ẹgbẹ́ tí mo ń sọ yìí ni Shooting Stars. Iléeṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló ń náwó lé e lórí, ìdí nìyí tí orúkọ rẹ̀ fi ń bá ti iléeṣẹ́ yí: WNDC ni lákọ̀ọ́kọ́, ó di IICC, lẹ́yìn náà ó di 3SC tí a ń pè é títí dòní. Àwa ará ọ̀nà Ọ̀yọ́ kò wulẹ̀ bá orúkọ yìí fà á. “Sọ́ọ̀tìn” la mọ̀. “Ọ́ọ̀pù Sọ́ọ̀tìn!” ni àwọn awakọ̀ fi ń kí ara wọn bí wọ́n bá pàdé níwájú ọjà Fìdítì lọ́jọ́ tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bá wà ní Líbátì, pápá ńlá Òkè-Àdó tó di Obafemi Awolowo Stadium ní 2010. Olóyè Lékan Sàlámì ló jẹ́ alága ẹgbẹ́ náà nígbà iyì rẹ̀, ọkùnrin tí ìfẹ́ Sọ́ọ̀tìn jẹ lọ́kàn débi pé orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ pápá Adámásingbà. Láyé ìgbà náà, òṣìṣẹ́ ni agbábọ́ọ̀lù. Owó oṣù ló ń gbà, àwọn míì tún ń kàwé mọ́ ọn. Kò sí ẹni tó ń ra agbábọ́ọ̀lù tàbí tó ń tà á ní iye tí à ń gbọ́ lóde òní.

Báwo ni Ṣẹ́gun ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù gan-an? Ó ga, ó sì rí pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni ibùjókòó rẹ̀. Àwọn tó wò ó lójúkojú sọ fún mi nígbà tí mo dàgbà pé kì í ṣe ẹni tó ń fi bọ́ọ̀lù dárà lásán. Kúnlé Awesu, tí òun náà wà nínú ẹgbẹ́ yẹn, ni ẹni tí wọ́n ń lọ wò nítorí ijó ẹsẹ̀. Ní ti Ṣẹ́gun, ó máa ń kọ́kọ́ gbé orí sókè. Yóò wo ẹni tó ń ṣọ́ ọ, yóò wo ìlà, yóò wo àárín ibi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sáré bọ̀, lẹ́yìn náà ni yóò wá yan ọ̀nà. Bí ó bá gbé bọ́ọ̀lù sáàárín, bí ẹni fi ọwọ́ gbé abọ́ ọbẹ̀ fún àlejò ni. Bí àyè bá sì wà fún un láti gbá a sáwọ̀n fúnra rẹ̀, kò ní fi falẹ̀. Ìṣirò tí tíṣà sọ nìyẹn: kí èèyàn rí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀.

Ọdún 1976 ni ìlú mọ̀ pé ẹgbẹ́ yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ Ìbàdàn nìkan. Wọ́n gba líìgì Nàìjíríà lọ́dún náà, wọ́n sì wọ ìdíje àwọn tó gba ife-ẹ̀yẹ ní Áfíríkà. Best Ogedegbe ló ń ṣọ́lé. Samuel Ojebode wà lẹ́yìn. Mudashiru Lawal, ọmọ Abẹ́òkúta bíi ti Ṣẹ́gun, tó ti ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́ kí bọ́ọ̀lù tó gbà á lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ló di àárín pápá mú. Wọ́n pàdé Zamalek ti ilẹ̀ Íjíbítì ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá, wọ́n yọ wọ́n. Ní àṣekágbá, Tonnerre ti Yaoundé ló kù, ẹgbẹ́ tí Roger Milla ń gbá bọ́ọ̀lù fún. IICC na wọ́n ní 4 sí 1 nílé, wọ́n pàdánù 0 sí 1 ní Kamẹrúùnù, ife-ẹ̀yẹ sì bọ́ sọ́wọ́ Ìbàdàn pẹ̀lú àpapọ̀ 4 sí 2. Kò sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà kankan tó tíì gba ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà rí kó tó di ọjọ́ náà. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gba ife Challenge ní 1977 àti 1979, wọ́n tún gba líìgì ní 1980 àti 1983. Nínú gbogbo rẹ̀, aṣọ kan náà ló wà lọ́rùn Ṣẹ́gun.

Kì í ṣe ayọ̀ nìkan ni wọ́n jẹ. Ní 1977, Rangers ti Ẹnúgù àti IICC pàdé ara wọn nínú ìdíje Áfíríkà kan náà. Wọ́n gbá ọ̀mì lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan ní Èkó, ẹ̀ẹ̀kan ní Kàdúná, kí Rangers tó fi pẹnáritì lé wọn kúrò. Mo rántí pé ìyá mi kò bó ọsàn mọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì yẹn. Wọ́n da aṣọ bo àtẹ, wọ́n ní ká lọ sílé. Rangers lọ gba ife náà. Àwọn àgbà Fìdítì tó jókòó síbẹ̀ ní, “Ó kúkú wà nílẹ̀ wa.” Mo ti rò ó lọ́pọ̀ ìgbà látìgbà náà pé ọ̀rọ̀ yẹn tóbi ju bí ó ṣe dún lọ, nítorí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ tí ogun abẹ́lé parí.

Nígbà tó sì kan orílẹ̀-èdè, ẹni tí Ìbàdàn fi ń yangàn di ti gbogbo wa. Ìgbà 46 ni wọ́n kà pé ó gbá bọ́ọ̀lù fún Green Eagles, góòlù 23 ló sì jẹ. Ọjọ́ tó ju gbogbo ọjọ́ lọ ni Sátidé, ọjọ́ 22, oṣù kẹta, ọdún 1980, ọjọ́ àṣekágbá ife-ẹ̀yẹ àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Otto Glória, ará Bùràsíìlì, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ààrẹ Shehu Shagari jókòó ní pápá Sùúrùlérè. Algeria ló dojú kọ wá, ẹgbẹ́ tí ìpín rẹ̀ ti gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tirẹ̀ ní Líbátì, Ìbàdàn, tó sì ti ibẹ̀ gòkè. Ìṣẹ́jú kejì péré ni wọ́n wà tí Ṣẹ́gun fi jẹ góòlù kìíní. Kí wọ́n tó lọ sinmi, ó ti jẹ ìkejì. Nígbà tí wọ́n padà dé, Muda Lawal fi ìkẹta kún un. Ẹ wò ó: góòlù mẹ́ta tó fún Nàìjíríà ní ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà àkọ́kọ́, ọmọ Sọ́ọ̀tìn méjì ló jẹ gbogbo rẹ̀.

Lẹ́bàá títì Fìdítì lọ́jọ́ náà, bọ́ọ̀sì kan tó ń lọ sí Ọ̀yọ́ dúró, awakọ̀ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, kò pa ẹ́ńjìnnì. Ó dúró ti rédíò tíṣà títí fèrè fi dún. Àwọn èrò inú ọkọ̀ kò bínú; àwọn náà ti sọ̀ kalẹ̀ tipẹ́. Ìyá mi pín ọsàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí i tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ayé wọn.

Kí ló dé tí ẹni tó jẹ góòlù méjì ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀? Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí. Ọ̀nà kan kò wọjà, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni wí pé ó gba ọ̀nà mìíràn. Lẹ́yìn 1980, àwọn kan nínú ẹgbẹ́ yẹn lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n sì ṣe dáadáa. Nígbà tí àwọn olówó bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, Leventis United dé sí Ìbàdàn fúnra rẹ̀, Abiola Babes dé sí Abẹ́òkúta. Muda Lawal lọ sí Abiola Babes nígbà tó yá, ẹnikẹ́ni kò sì lè fi ìyẹn bu ọlá rẹ̀ kù. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ jẹun gbọ́dọ̀ wo ibi tí oúnjẹ wà kí ẹsẹ̀ tó rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n dídúró náà ní èrè tirẹ̀, èrè tí a kì í kà mọ́ owó. Ẹni tó bá dúró máa ń mọ orúkọ ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn pápá. Ó máa ń rí ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù jọ lẹ́yìn àwọ̀n lónìí, yóò sì rí i nígbà tó bá di ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́la. Bí ẹgbẹ́ bá pàdánù, kò sí ibi tí yóò sá lọ. Ojú títì ni yóò bá àwọn èèyàn pàdé lọ́jọ́ kejì. Ìgbésí ayé irú ẹni bẹ́ẹ̀ àti ti ìlú á wá so pọ̀.

Ní ilẹ̀ Họ́láńdì, wọ́n ní ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sjaak Swart. Láti 1956 títí di 1973, Ajax ti Amsterdam nìkan ló gbá bọ́ọ̀lù fún, ó lé ní ẹgbẹ̀ta ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀. Orúkọ ẹgbẹ́ ni wọ́n fi ń pè é, bí ẹni pé òun àti ẹgbẹ́ ti di ọ̀kan. Mo gbọ́ ìtàn rẹ̀, mo sì rẹ́rìn-ín ìdùnnú, nítorí mo mọ ẹnìkejì rẹ̀ níbí. Àwa ará Fìdítì kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún wa. Igi ọsàn kì í rìn. Ibi tí wọ́n bá gbìn ín sí ni yóò wà lójò lẹ́ẹ̀rùn, síbẹ̀ èso rẹ̀ ń dé Èkó, ó ń dé Kánò. Èrò láti ibi gbogbo ló ń wá a wá.

Zamalek tí wọ́n yọ ní 1976 náà ló padà wá gba ìgbẹ̀yìn. Ní 1984, Shooting Stars dé àṣekágbá ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tó gba líìgì ní Áfíríkà. Wọ́n pàdánù ní Kairo, wọ́n sì tún pàdánù ní Èkó. Àpapọ̀ 3 sí òdo. Ọmọ ọdún 32 ni Ṣẹ́gun nígbà náà. Ibẹ̀ ló ti bọ́ bàtà. Ẹlòmíràn ì bá ní kí òun wá ẹgbẹ́ mìíràn tí yóò fi ife-ẹ̀yẹ dá òun lọ́lá kóun tó lọ. Òun gbà pé ilé tí òun ti jẹ dídùn náà ni òun yóò ti jẹ kíkan. Mo ti dàgbà díẹ̀ nígbà náà, mo sunkún, tíṣà sì ní kí n má sunkún. Ó ní, “Ẹni tó bá a lọ ló bá a bọ̀.”

Ohun tí ó wá ṣe lẹ́yìn náà ló jẹ́ kí n máa bọ̀wọ̀ fún un títí dòní. Ó mú gègé. Ọdún dé, ọdún lọ, ó ń kọ̀wé nípa eré ìdárayá nínú ìwé ìròyìn, ó ń sọ ìtàn àwọn tí wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù, pàápàá àwọn tí ikú ti mú lọ. Muda Lawal kú ní 1991. Best Ogedegbe kú ní 2009. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn wọn ì bá má mọ̀ wọ́n bí ẹni tó mọ̀ wọ́n kò bá sọ ọ́. Ó dá iléeṣẹ́ rédíò eré ìdárayá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, Eagle7 Sports 103.7 FM. Ẹni tí a fi rédíò mọ̀ ti wá ní rédíò tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n iléèwé rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ó wà ní Wásinmi Òrílé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ewékorò, Ìpínlẹ̀ Ògùn, kúrò ní ojú títì tó lọ láti Èkó sí Abẹ́òkúta. Ẹni tó ti sáré tó bẹ́ẹ̀ lọ sí ìlú tí orúkọ rẹ̀ ní kó wá sinmi, kò sì sinmi. Ó kọ́ iléèwé níbẹ̀ tí ọmọ ti ń kàwé, tó sì ń ṣeré ìdárayá, tí ọ̀kan kò ní pa èkejì lára. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ gbé ṣe ní Ìbàdàn ló fẹ́ fún wọn: kí ẹsẹ̀ já fáfá, kí orí náà sì pé. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Agbábọ́ọ̀lù tí ó ní góòlù lẹ́sẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò ní ìwé lọ́wọ́, a ti rí ọ̀pọ̀ wọn nílẹ̀ yìí, a sì mọ bí ọjọ́ alẹ́ wọn ṣe rí. Ṣẹ́gun náà rí wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, kò kàn káàánú wọn kó máa lọ. Ó kọ́ ilé ẹ̀kọ́.

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, mo ya Ìlọra nígbà tí mo ń ti Ọ̀yọ́ bọ̀. Oòrùn ti rọlẹ̀. Lórí pápá iléèwé kan, ọkùnrin kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún wà láàárín àwọn ọmọ tó tó ogún, fèrè so mọ́ ọn lọ́rùn. Ẹnikẹ́ni kò gbà á síṣẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ ló ń ṣe láàárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ń rùn fún epo ọkọ̀ síbẹ̀. Kò ní àmì aláwọ̀ tí wọ́n ń tò sórí pápá, ọsàn tó ti rà ló fi ṣe é: mẹ́fà lápá kan, mẹ́fà lápá kejì, àwọn ọmọ ń gbé bọ́ọ̀lù yí wọn ká. Bí ẹnì kan bá fi ẹsẹ̀ tẹ ọsàn, omi rẹ̀ á tú sílẹ̀, gbogbo wọn á pariwo, yóò mú òmíràn nínú àpò rọ́bà, yóò fi dí i.

Mo bi í pé ọdún mélòó ló ti ń ṣe é. Ó ní òun kò kà á mọ́. Ó ní àwọn tó dára jù nínú wọn máa ń lọ sí Ìbàdàn tàbí Èkó, àwọn mìíràn kì í dágbére. Mo ní, “Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé wọn ò pè yín rí?” Ó ní, “Wọ́n pè mí. Àwọn wo ni màá wá fi sílẹ̀ fún ta ni?”

N kò bi í bóyá ó mọ Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí. Kò pọn dandan. Ọmọ kékeré kan, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, gba bọ́ọ̀lù lápá ọ̀tún, ó dorí kodò, ó fẹ́ máa sá lọ. Ọkùnrin náà fun fèrè. Ó rìn lọ bá a, ó tẹ̀ ba, ó rọra fi ìka méjì gbé àgbọ̀n ọmọ náà sókè.

“Kọ́kọ́ wò ó ná,” ó ní. “Ta lo rí?”

Ọmọ náà wo iwájú, ó wo àárín pápá, ó sì nawọ́ sí ẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó dúró lóun nìkan.

“Ó dáa. Gbé e fún un.”